Àwọn Ìyá Tó Jà fún Ìbò, àti Ìlà Kejìlá Inú Fọ́ọ̀mù Wa

 Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọjà Àlàbá gan-an, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, ẹ̀yin ará Ìbà àti Òkókómaikò tí ẹ kì í jẹ́ kí oṣù ó parí kí ẹ tó san owó ìfipamọ́ yín, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọjà ó máa tà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pẹ́ kí ẹ tó san, a kí ẹ̀yin náà.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò tíì gbàgbé. Nígbà tí a ka ìṣírò owó tán, tí àwọn ènìyàn ti ń wo ibi tí ìgò mínírà wà, ọmọ ẹgbẹ́ wa obìnrin kan dìde. Ó ní òun fẹ́ béèrè ẹyọ ìbéèrè kan péré. Ó ní, "Akọ̀wé wa, ìlà kejìlá tó wà nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó yìí, ta ló gbé e síbẹ̀?"

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì yáwó rí, ìlà kejìlá ni ibi tí a kọ ọ́ sí pé bí ẹni tó fẹ́ yáwó bá jẹ́ obìnrin tó wà nílé ọkọ, kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ síwèé kí kọmití tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan rẹ́rìn-ín, tí àwọn kan ń kùn. Alága wa, bí àgbà, ní kí ọ̀rọ̀ náà dúró di ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù lọ rò ó wá, kí a sì dìbò lé e lórí.

A kò dáhùn ìbéèrè obìnrin náà lọ́jọ́ náà. A fẹ́ dáhùn rẹ̀ báyìí. Àwa akọ̀wé la gbé e síbẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan tó pàṣẹ rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù tuntun, a rí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ mìíràn, a sì dà á kọ láti òkè délẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò. Ìlà kejìlá wà níbẹ̀, a dà á kọ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ pin.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Òun ló mú wa lọ ṣí ìtàn àwọn ìyá tó jà kí obìnrin tó lè dìbò ní ilẹ̀ yìí, nítorí a fẹ́ mọ ohun tí àwọn gan-an ń bá fà. Ẹnìkan lè ní, kí ló pa ìbò àti ẹ̀yáwó wáyà iná pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kálọ díẹ̀.

Ọdún 1922 ni òfin Gómìnà Clifford jáde, èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè dìbò yan ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni mẹ́rin péré ni wọn yóò dìbò yàn, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Wọ́n dì í ní 1923. Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò náà? Ọkùnrin tó ti dàgbà, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní £100. Kí a má tan ara wa, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀jọ́ tiwa yìí, abẹ́ Àgbádárìgì ni wọ́n kà á sí nígbà náà, kì í ṣe ara Èkó tó ń dìbò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lówó lónìí lè lówó lọ́la kí ó sì dìbò. Obìnrin lè lówó títí kí ó kọ́ ilé alájà mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin yìí gan-an ni àwọn olóṣèlú Èkó gbójú lé. Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923 mọ̀ pé àwọn ìyá ọlọ́jà ló lè kún inú ìpàdé fọ́fọ́, àwọn ló lè dáwó, àwọn ló lè ti ọjà pa. Wọ́n ń pè wọ́n síbi ariwo, ọjọ́ ìbò ni wọn kò pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti kọmití tiwa: obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀, òun náà la fi sídìí oúnjẹ.

Olórí àwọn ìyá náà ni Àlímótù Pẹlẹ́wùrà. Ẹja ló ń tà, ní ọjà Eréko ní ìsàlẹ̀ Èkó. Mùsùlùmí ni, kò lọ sílé ìwé rárá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rò pé ẹni tí kò mọ ìwé kò mọ ètò, ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é. Láàárín ọdún 1920 sí 1929 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó sílẹ̀. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, olórí kọ̀ọ̀kan ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, Pẹlẹ́wùrà sì ni alága gbogbo wọn. Wọ́n ń dá owó ẹgbẹ́. Nínú owó náà ni wọ́n ti ń gba akọ̀wé tó mọ ìwé àti lọ́yà. Bí ìwé bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba, akọ̀wé á kọ ọ́, wọ́n á kà á fún wọn, wọ́n á sì tẹ̀ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé, inú wa dùn nígbà tí a ka ibẹ̀ yẹn, ojú sì tì wá díẹ̀. Akọ̀wé tiwọn, ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣí ọjà Eréko nípò lọ sí Olúwọlé láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kó Pẹlẹ́wùrà àti àwọn mìíràn sí àtìmọ́lé. Àwọn obìnrin ọlọ́jà tú síta, ìjọba sì tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ti ṣí ọjà Àlàbá kúrò ní ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ wá sí Ọ̀jọ́ níbí, ẹ mọ ohun tí ṣíṣí ọjà nípò túmọ̀ sí fún ẹni tí oníbàárà ti mọ ìsọ̀ rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù wá dé ní 1940. Ogun Hitler ń jà, ìjọba ń wá owó, wọ́n sì ṣe òfin pé obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ yóò máa san owó orí. Ìgbà kan wà ní 1932 tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti jẹyọ, tí Pẹlẹ́wùrà àti àwọn tirẹ̀ lọ béèrè, tí ìjọba sì dá wọn lóhùn pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní báyìí, ó ti di òfin. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ìyá Èkó ti ọjà pa. Ẹja kò sí, ẹ̀fọ́ kò sí, gàrí kò sí. Wọ́n tò lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nà tó ń ṣàkóso Èkó, wọ́n kọjá sílé Macaulay, wọ́n tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìjọba kò sì lè sọ pé eré ni, nítorí kò tíì pẹ́ tí àwọn obìnrin ìhà Aba dìde lórí owó orí ní 1929, tí sójà àti ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, tí àwọn tó kú lé ní 50. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Èkó sún £50 lọ sí £200. Obìnrin ọlọ́jà tí owó rẹ̀ ń tó £200 lọ́dún nígbà náà, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà á.

Ẹ wá wò ó o. Ìjọba tó ní obìnrin kò tó ẹni tí ń dìbò, òun náà ló rí i pé ó tó ẹni tí ń san owó orí. Bí wọ́n bá ń wá owó, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín ohùn, wọ́n ń béèrè ọkọ rẹ̀.

Ogun náà kò tíì parí tí òmíràn tún dé. Wọ́n yan òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen pé kí ó máa mójú tó iye owó oúnjẹ. Ó dá iye tí wọn yóò máa ta gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn lé, iye náà sì kéré sí èyí tí àwọn obìnrin fi rà á wá láti oko. Ẹ̀yin àgbà inú wa tí ẹ rántí ọdún 1984, nígbà tí sójà ń fipá mú ọlọ́jà láti ta ọjà ní iye tí wọ́n fẹ́, ẹ ó mọ bí ó ti rí. Pullen fẹ́ fún Pẹlẹ́wùrà ní £100 lóṣù pé kí ó bá òun bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. £100 lóṣù, nígbà tí ọkùnrin tí £100 bá ń wọlé fún lọ́dún gbáko ti tó ẹni tí ń dìbò! Ìyá ẹlẹ́ja kọ̀ ọ́. Wọ́n jà títí ètò náà fi dópin ní 1945. Nígbà tí Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951, nǹkan bí 25,000 ènìyàn ló wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn obìnrin tó mọ̀wé náà kò jókòó. Ìyá Oyinkán Abáyọ̀mí, tí wọ́n bí ní 1897, tó jẹ́ olùkọ́ ní Queen's College, dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1944. Wọ́n ń béèrè ìbò, wọ́n ń béèrè ilé ìwé fún ọmọbìnrin àti iṣẹ́ ìjọba fún obìnrin tó kàwé, wọ́n sì ń gbè lẹ́yìn àwọn ọlọ́jà náà. A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, àwọn ọlọ́jà kò tẹ̀lé wọn tó bí wọ́n ti fẹ́. Bàbá Ìyá Abáyọ̀mí, Sir Kítóyè Àjàṣà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ Macaulay, Macaulay ni àwọn ìyá ọjà sì mọ̀. Bákan náà ni aṣọ òyìnbó àti ìró kì í tètè jókòó sórí àga kan. Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí obìnrin dìbò nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1950. Àwọn tí ẹgbẹ́ Ìyá Abáyọ̀mí gbé kalẹ̀ lọ́dún náà kò wọlé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn ẹlòmíràn ló gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹni tó mú aṣọ òyìnbó àti ìró jókòó pọ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta. Ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ nípa ìyá yìí kò ju méjì lọ: pé òun ni ìyá Fẹlá, àti pé ó wa mọ́tò. Bí ẹni tó bá àwọn ọba àti ajẹ́lẹ̀ fà á kò ṣe nǹkan mìíràn láyé ju kí ó di sítíárì mú!

Ní 1900 ni wọ́n bí i. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914, ó lọ sí ìlú òyìnbó ní 1919, nígbà tó sì dé ní 1922, ó ti bọ́ orúkọ Frances sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ kó jọ, wọ́n ń kọ́ ìránṣọ àti bí a ti ń ṣe àsè. Nígbà tó di nǹkan bí 1944, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, ló tó gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan kọ́bọ̀. Owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn, láti ọmọ ọdún 15 ni wọ́n sì ti ń gbà á. Bí ọmọbìnrin bá ní òun kò tíì tó ọdún náà, àwọn agbowó orí mìíràn a máa bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti wò ó. A kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọmọ wa ń ka ìwé yìí.

Ní 1946, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ọ̀mọ̀wé àti aláìmọ̀wé jọ wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì tó 20,000. Ìyá pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Yorùbá ló ń sọ nípàdé, kódà bí òyìnbó bá wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba akáwó kan láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò, nítorí àwọn tó ń sanwó fẹ́ mọ ibi tí owó ń gbà. Ohun tí wọ́n wí ni pé àwọn tí kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ san owó orí. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn níwèé àṣẹ láti tò lójú títì, ìyá ní kò burú, àwọn kò ṣe ìwọ́de, píkíníìkì làwọn ń lọ. Ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ti gbá agolo tajútajú mú kí wọ́n sì sọ ọ́ padà síbi tó ti wá.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó lọ jókòó sí iwájú ààfin Aké, tí wọ́n sun ibẹ̀. Wọ́n tún padà lọ nínú oṣù Kejìlá. Ní 1948, wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, wọ́n sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ tuntun. Aláké padà dé ní ìparí 1950, kí a má baà sọ ìtàn ní ìdajì. Ìyá náà ò yé lọ síwájú. Ọdún 1977 ni àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, tí wọ́n ju ìyá yìí láti ojú fèrèsé òkè. Oṣù Kẹrin 1978 ló kú.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1951. Nínú ìdìbò ọdún náà ní ìhà Ìwọ̀-oòrùn, ẹni tó bá ń san owó orí nìkan ló lè dìbò. Ẹ rò ó. Owó orí tí àwọn ìyá fi ara wọn jì kí wọ́n tó lé lọ, òun náà ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbò! Ìbò náà sì ń gba ọwọ́ àwọn àṣàyàn ènìyàn lọ láti ìpele sí ìpele kí ó tó délé aṣòfin. Ìyá jáde du ipò, ó fìdí rẹmi. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé kí olúkúlùkù tó ti dàgbà máa dìbò tààrà, ìgbà ìdìbò 1959 ni gbogbo obìnrin ìhà Gúúsù tó rí bẹ́ẹ̀. Ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ló dìbò lọ́dún náà. Gambo Sawaba jà á níbẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n léraléra. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa tó ti Aba wá, tí ẹ pọ̀ ní Àlàbá, ẹ̀yin náà ní Margaret Ekpo. Nígbà tí iyọ̀ wọ́n, ó ra gbogbo iyọ̀ tó wà jọ, ó ní obìnrin tí kò bá wọ ẹgbẹ́ kò ní rí rà. Ọ̀pọ̀ ló wọ ẹgbẹ́. A kò sọ pé kí kọmití wa ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlà kejìlá.

Àwọn kan nínú yín ti pàdé wa lójú ọ̀nà, wọ́n ní àṣà wa ni, pé ọkọ ni olórí aya. A kò bá wọn jiyàn lórí ta ni olórí nínú ilé. Ṣùgbọ́n nínú owó ọjà, àṣà ta ni? Láti ìgbà láéláé ni obìnrin Yorùbá ti ń ní òwò tirẹ̀, àpò tirẹ̀, gbèsè tirẹ̀ àti èsúsú tirẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí pé alájọ ní kí ìyá eléwé lọ pe ọkọ rẹ̀ wá kí òun tó kó àjọ fún un? Ẹfúnróyè Tinúubú, tó kú ní 1887, ọwọ́ ta ló ní kó wá fọwọ́ sí i? Ìlú òyìnbó ni òfin ti sọ nígbà kan pé ohun tí aya bá ní, ọkọ ló ni ín. Ọdún 1870 àti 1882 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Nígbà tí Ìyá Ransome-Kútì lọ sí London ní 1947 pẹ̀lú àwọn aṣojú NCNC, tó jẹ́ òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, ohun tó kọ sínú ìwé ìròyìn níbẹ̀ nìyẹn: pé àwọn obìnrin wa ní ohun ìní àti ipò kí ìjọba òyìnbó tó dé, ìjọba náà ló sì fà wọ́n sẹ́yìn.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Àwọn 28 tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Rochdale ní 1844, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní baba ńlá wa, òfin wọn ni ẹnì kan, ìbò kan, wọn kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin. Ní àkókò tí òfin ìlú wọn ń sọ pé owó aya, owó ọkọ ni, ṣọ́ọ̀bù Rochdale ń kọ orúkọ obìnrin sínú ìwé, ó sì ń fún un ní owó rẹ̀ sọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè wọn kò jẹ́ kí obìnrin dìbò yan ọmọ ilé aṣòfin títí di 1918, ìyẹn náà ẹni tó lé ní ọdún 30. Ẹgbẹ́ wa ti fi ọdún tó lé ní 70 ṣáájú ìjọba. Àwa tí a wà ní Ọ̀jọ́ la wá lọ ṣa èyí tí wọ́n jù nù.

Àwọn mìíràn ní bí obìnrin bá yáwó tí kò rí i san, ilé ọkọ ni a ó lọ. Irọ́ ni. Onídùúró méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù, ọ̀dọ̀ wọn la máa ń lọ. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ ìwé gbèsè wa wò yóò rí i pé irùngbọ̀n pọ̀ níbẹ̀.

Ó tọ́ kí a sọ ti ìyá àgbà kan nínú wa tó fẹ́ kí ìlà náà dúró. Ó ní ìlà yẹn ti gba òun rí. Bí àwọn ẹbí bá wá ní kí òun yá owó fún àwọn, òun a ní ọkọ òun kò gbà láti fọwọ́ sí i. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Ohun tí a sọ fún ìyá ni pé kí wọ́n máa fi akọ̀wé bojú dípò ọkọ. Kí wọ́n ní akọ̀wé ní owó kò sí. A ti gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rí, kò pa wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tó ń dùn wá. Obìnrin tó dìde nípàdé yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà iná ló ń tà. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, kò fi oṣù kan sílẹ̀ láìsan. Ní ọdún tó kọjá, ọjà kan bọ́ sílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ẹni tó kó o wọlé fẹ́ tà á kíákíá. Obìnrin náà wá yá owó tí kò tó ìlọ́po méjì èyí tó ti fi pamọ́. Onídùúró rẹ̀ pé. Ọkọ rẹ̀ wà ní òkè ọya, àárín wọn kò sì gún lásìkò náà. Ó bẹ̀ wá. A ní ìlà kejìlá. Ó lọ, ó padà wá ní ọjọ́ kẹta, a tún ní ìlà kejìlá, bí ẹni pé ọwọ́ Ọlọ́run ló kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, a yá ọkùnrin kan lówó, ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ẹgbẹ́. Kí ọkọ obìnrin náà tó dé, ẹlòmíràn ti ra ọjà, ó sì ti tà á tán. Obìnrin náà kò bá wa jà. Nígbà tí oṣù parí, ó wá san owó rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó gba rìsíìtì, ó lọ. Àwa la kọ rìsíìtì náà.

Ìpàdé gbogbogbòò yóò wáyé ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń ṣe é. A ó dìbò lórí méjì: kí a yọ ìlà kejìlá kúrò, àti kí iye obìnrin tó wà nínú kọmití kúrò ní ẹyọ kan. Ẹni tí ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́ kò ní dìbò, nítorí náà kí ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé. A kò gba kí ọkọ dìbò fún aya tàbí kí aya dìbò fún ọkọ. Kí olúkúlùkù wá fúnra rẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin kọmití ló máa bójú tó o, a sì bẹ ìdáríjì ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè fọwọ́ síwèé, kí ẹ wá tẹ̀ka: ìńkì ti àná ti gbẹ, a ti ra tuntun.